Orí Mi Ni, Kí Ló Kan Ìjọba? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Akoto Ọlọ́kadà

Àwọn ìwé tí ó wọlé ní oṣù yìí láti apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí pọ̀ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ: akoto tí òfin ní kí ọlọ́kadà àti èrò tí ó gbé máa dé. A mú mẹ́rin nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni a ó fi àyè tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ fún, nítorí ó hàn gbangba pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí ó tó mú kálàmù.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ̀yin olóòtú wa, okun o. Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Kàbà. Mo máa ń ná Ìyàrà àti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, mo ní aya, mo ní ọmọ, kò sì sí ẹni tí ń bá mi ra epo. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ìjọba fi ní láti pàṣẹ ohun tí n ó fi bo orí ara mi. Bí mo bá sá eré àsápajúdé tí mo kọlu ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n mú mi, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bí n kò bá dé akoto tí mo sì ṣubú, orí ta ni ó fọ́? Ẹni tí ń fa sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ jẹ́, a kò rí ẹni tí ó dá a dúró. Ẹni tí ń gun ọ̀pẹ kò dé akoto. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn tí ń dá wa dúró lójú ọ̀nà kì í wo inú akoto náà bóyá ó dára. Bí o bá ti fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́, o lè máa lọ lórí òfìfo. Ṣé ààbò wa ni wọ́n ń wá ni, àbí owó wa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn òkú dẹ́rù bà mí. Ẹ̀tọ́ mi ni mo ń bèèrè. (Ọlọ́kadà kan, Kàbà)

ÌDÁHÙN

Okun o, arákùnrin wa. Ẹ ní kí a má dẹ́rù bà yín, a ó sì gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yín kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá, nítorí àwọn adájọ́ tí ó gbó nínú òfin ti tì í síwá-sẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, ẹnu wọn kò sì kò. Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tí kò bá fi dandan lé akoto yóò pàdánù díẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń fún un fún iṣẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi di 1975, ìpínlẹ̀ 47 ti tẹ̀ lé e. Àwọn tí ń gun alùpùpù gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Illinois sì dá wọn láre ní 1969, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti sọ, orí wọn ni. Ṣùgbọ́n ní 1972, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Massachusetts gba ibòmíràn wò ó. Ó ní láti ìṣẹ́jú tí ẹni náà bá ti farapa, àwùjọ ni yóò gbé e nílẹ̀ lójú pópó, àwùjọ ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, tí yóò pèsè dókítà fún un, bí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó ṣeé ṣe kí àwùjọ kan náà máa bọ́ òun àti ẹbí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-ẹjọ́ náà kò pe ẹnikẹ́ni ní òmùgọ̀ tí kò mọ ohun tí ó dára fún ara rẹ̀. Ẹni tí yóò ru ẹrù náà ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ru ẹrù yìí kan náà ni ó yọjú nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú ìjìyà owó náà kúrò ní 1976, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì pa òfin wọn rẹ́ tàbí kí wọ́n fi mọ sórí àwọn ọ̀dọ́. Illinois, Iowa àti New Hampshire kò ní òfin akoto kankan fún alùpùpù títí di òní. Florida ní tirẹ̀ wá ọ̀nà àárín ní 2000: ẹni tí ó bá ti lé ní ọmọ ọdún 21 lè máa gùn ún láìdé ohunkóhun, bí ó bá ti ní ìwé adójútòfò tí yóò san ó kéré tán 10,000 dọ́là fún ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá farapa. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ka òmìnira sí jù lọ náà kò gbàgbé láti bèèrè pé: ta ni yóò sanwó?

Ní ilẹ̀ wa, ẹbí ni adójútòfò ọlọ́kadà. Ẹ wo ẹni tí ó ṣubú ní ọ̀nà Ìyàrà, tí ó sì fi orí gbálẹ̀. Àwọn tí ń ti oko bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Wọn kò ní dúró de ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Orí ọ̀kadà mìíràn ni wọn yóò gbé e sí, láàárín ẹni tí ń gùn ún àti ẹni tí ó dì í mú láti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ yóò sì máa fì sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ti ń bọ́ sínú kòtò kan tí wọ́n ń jáde nínú òmíràn. Ilé ìwòsàn ìtòsí lè rán ojú ọgbẹ́, ó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú agbárí, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí àti oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ ni ó kù, Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin ni wọn yóò sì ní kí a máa gbé e lọ. Ìyàwó yóò palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́ ní ọjà. Àbúrò yóò gba owó kajú tí ó ṣì wà lórí igi lọ́wọ́ oníṣòwò, ní iye tí oníṣòwò bá fẹ́. Iṣu tí a yà sọ́tọ̀ fún èbù yóò di owó ọkọ̀. Fóònù àwọn ará ilé tí ó wà ní Abuja àti Èkó yóò bẹ̀rẹ̀ sí dún. Bí ẹni náà bá yè, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì padà sí ipò, ẹnì kan nínú ilé náà, ọmọbìnrin ni yóò sì jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò máa fún un ní oúnjẹ, yóò sì máa wẹ̀ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́kadà náà ń pinnu ní òwúrọ̀ pé òun kò ní dé akoto.

Ẹ ó sọ pé a ti dẹ́rù bà yín náà nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àti làálàá ni a kà kalẹ̀, a kò ka òkú.

Ní ti pé bóyá akoto tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iyèméjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí láti ilẹ̀ púpọ̀ jọ, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí ó bá ní ìjàǹbá alùpùpù, ó sì ń dín ewu kí orí farapa kù ní nǹkan bí ìdá 69.

Síbẹ̀, apá kan wà nínú ìwé yín tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ohunkóhun tí ó bá lè di ẹrù lórí ẹbí ni ìjọba lè fi òfin dè, níbo ni òfin yóò dúró? Ọtí ń di ẹrù, iyọ̀ àjẹjù ń di ẹrù, ìgbéyàwó tí kò dára pẹ̀lú ń di ẹrù. Ìdáhùn tiwa ni pé kí a fi ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ ènìyàn wé ohun tí ó fún un. Akoto kò ní kí ẹ má lọ sí Ayétòrò, kò ní kí ẹ má gbé èrò, kò sì dá ojúmọ́ yín dúró. Ẹ lè gun ọ̀kadà yín láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹ bá ti dé e. Ẹ fi èyí wé ohun tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe nígbà tí ó fi òfin ìrìnnà ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì, tí ó sì tún fẹ òfin náà ní 2020 àti 2022. Ìyẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ìjọba kan bá dìde lọ́la láti ṣe irú rẹ̀ ní Kàbà tàbí Ìsánlú, níbi tí bọ́ọ̀sì kò ti dé ìdajì àwọn abúlé, àwa náà yóò kọ̀wé lòdì sí i ní ojú ewé yìí, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nípa sìgá, kò rí bẹ́ẹ̀ pé a fi ẹni tí ń fà á sílẹ̀ pátápátá. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà ní 2015 kò gba fífa sìgá láyè ní ọ̀pọ̀ ibi tí èrò ń pé sí, kò sì gbà kí a tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Nípa ẹni tí ń gun ọ̀pẹ, igbà tí ó fi di ara rẹ̀ mọ́ igi ni akoto tirẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ǹtì tí ó ń ti Ọ̀bàjànà bọ̀ kò sì lè pàdé rẹ̀ ní ìdajì ọ̀pẹ.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń bèèrè, nítorí náà ó yẹ kí a dé ọ̀dọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Abala 41 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira láti rìn káàkiri ilẹ̀ yìí. Abala 45 sì sọ pé òmìnira yìí, àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí ó ṣáájú rẹ̀, kò dí òfin lọ́wọ́ tí a bá ṣe nítorí ààbò ará ìlú, ìlera ará ìlú, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn, bí òfin náà bá ti jẹ́ èyí tí ó bọ́gbọ́n mu ní ilẹ̀ tí a ti ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa. Òfin akoto wọ abẹ́ èyí láìsí wàhálà. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 sì ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú un káàkiri Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ yín yóò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, wọ́n fi okùn dì í mọ́ àgbọ̀n. Gbogbo ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn òkè òkun. Ní èrò tiwa, ẹ̀rín náà pọ̀ jù. Akoto gidi wọ́n, ẹni tí kò sì ní ju owó epo ọjọ́ kan lọ lọ́wọ́ wá ohun tí yóò fi kọjá lójú àwọn agbófinró. Nígbà tí òfin bá béèrè ohun tí ó wà lórí nìkan, tí kò béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, igbá ni yóò rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn yín nípa owó ẹ̀yìn ti ní ìtumọ̀, òun sì ni apá tí ó lágbára jù nínú ìwé yín. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà tí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ lórí òfìfo ti ta ìdí kan ṣoṣo tí òfin náà fi wà. Lẹ́yìn náà, kò sí àlàyé tí a lè ṣe tí ọlọ́kadà yóò gbà. Ìlànà tí ó tọ́ ni pé kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ó bá rú òfin, kí ó sì lọ san owó ìtanràn náà sí báńkì, kí ó gba rìsíìtì. Owó tí a bá fi sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í ṣe owó ìtanràn, ohun yòówù kí aṣọ tí ó wọ̀ jẹ́. Bí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà ní Kàbà bá lè pinnu pé àwọn kò ní fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láìgba ìwé, tí gbogbo wọn sì dé akoto gidi, kí ni wọn yóò fi mú wọn?

Ilẹ̀ Vietnam lè kọ́ wa ní nǹkan níhìn-ín, nítorí pé alùpùpù pọ̀ níbẹ̀ ju mọ́tò lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2007, wọ́n fi dandan lé akoto fún gbogbo ẹni tí ó bá wà lórí alùpùpù, ní ọ̀nà gbogbo. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ṣòro láti rí ẹni tí orí rẹ̀ ṣófo ní àwọn ìlú ńlá wọn, iye àwọn tí ń fi orí ṣèṣe sì dín kù ní àwọn ilé ìwòsàn wọn. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn hù: àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí ta ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó jọ akoto fún ẹni tí kò fẹ́ ju kí ó sá fún ìtanràn lọ. Àwa náà ti wà ní ipò yẹn báyìí. Ní gáréèjì, ẹ yí akoto tí ọlọ́kadà fi kọ́ sára dígí ọ̀kadà rẹ̀ padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Fóòmù funfun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti kúrò, wọ́n yọ ọ́ nítorí ooru. Okùn abẹ́ àgbọ̀n ti já, wọ́n fi ọ̀já rọ́bà táyà rọ́pò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dì í. Igbá ọdún 2009 nìyẹn, a kàn kùn ún ní ọ̀dà dúdú ni.

Èyí ni ibi tí a dúró sí, arákùnrin wa: ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ẹ dé akoto, ẹ̀yin náà sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé kí akoto náà jẹ́ akoto, kí iye tí wọ́n ń tà á má kọjá agbára yín, kí ìtanràn sì ní rìsíìtì. Ẹ jà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a ó tẹ̀ lé yín.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ọlọ́kadà mi ní akoto kejì fún èrò, ṣùgbọ́n òórùn òógùn àti ìpara orí gbogbo ayé ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ọmọ kíláàsì mi tí làpálàpá bo orí rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù pé irú akoto bẹ́ẹ̀ ni ó ti kó o. Ìyá mi tún sọ pé kí n má ṣe dé ohun tí ẹni tí n kò mọ̀ bá nà sí mi, pé àwọn kan ti fi oògùn sí i rí. Kí ni kí n ṣe? Bákan náà, ní ọjọ́ tí mo bá wé gèlè ń kọ́? (Olùkọ́ kan, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìbẹ̀rù màmá yín kì í ṣe tuntun. Ní 2009 gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gbòde kan, pé ọlọ́kadà lè fi akoto mú èrò kí ó sì fi í ṣe owó. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ èrò ni ó kọ̀ láti dé akoto nítorí rẹ̀. A kò ní bá àgbàlagbà jiyàn lórí ohun tí ó gbà gbọ́. Ohun tí a ó sọ ni pé oògùn ìbẹ̀rù náà àti oògùn làpálàpá jẹ́ ọ̀kan náà: kí ẹ ra akoto tiyín. Ẹni tí ó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó máa yá akoto, gẹ́gẹ́ bí kò ti yẹ kí ó máa yá ìyàrí. Ẹ lè fi pamọ́ sí ọ́fíìsì títí tí ẹ ó fi máa lọ sílé.

Ẹ̀rù làpálàpá tí ń bà yín ní ìdí. Àrùn orí náà lè ti ara fìlà, ìyàrí tàbí akoto ran ẹlòmíràn. Fún ọjọ́ tí kò bá sí tiyín nítòsí, ẹ di ìborí fẹ́lẹ́ tí a lè fọ̀ kí ẹ tó dé ti ọlọ́kadà lé e. Àwọn ọlọ́kadà náà lè ṣe dáadáa ju báyìí lọ. Kí ni ó nira nínú kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ nu inú akoto ní alẹ́, kí a sì sá a sí afẹ́fẹ́ kí ó gbẹ? Èrò pẹ̀lú lè kọ̀ láti gun ọ̀kadà tí akoto rẹ̀ bá ń rùn. Bí èrò mélòó kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, inú akoto yóò mọ́.

Gèlè ní tirẹ̀ kò bá akoto lò. Akoto tí ó bá jókòó lé gèlè kò kan orí, yóò sì ṣí kúrò ní kíákíá tí a bá ṣubú. Ẹ ká gèlè sínú àpò, kí ẹ wé e nígbà tí ẹ bá dé òde. A mọ̀ pé ẹni tí ó ti jókòó fún wákàtí kan kí wọ́n tó bá a wé e kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Fún irúfẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wọ mọ́tò.

Òǹkàwé kan bèèrè irú èyí nípa híjáàbù. Híjáàbù kò nípọn, ó lè wà lábẹ́ akoto, nítorí náà a kò rí ibi tí ẹ̀sìn àti òfin ti kọlu ara wọn. Ó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí láwàní wọn nípọn tí ẹ̀sìn wọn kò sì gbà kí wọ́n ṣí i. Akoto di dandan níbẹ̀ ní 1973, wọ́n sì bá ìjọba fà á títí tí wọ́n fi ṣe òfin mìíràn ní 1976 tí ó yọ Sikh tí ó bá wé láwàní kúrò nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Àgbẹ̀ ni mí lápá Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀nà oko nìkan ni mo ń gùn, n kò dé títì, n kò pàdé ọkọ̀, n kò sì pàdé agbófinró. Ṣé èmi náà nílò akoto? (Àgbẹ̀ kan, Ẹ̀gbẹ̀)

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ kú oko o. Agbófinró kò ní tẹ̀ lé yín dé ìdí iṣu, ọ̀rọ̀ ìtanràn kò sì kàn yín púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan, nítorí ojú ọ̀nà tí ó pa rọ́rọ́ ni ọ̀kan nínú ìtàn akoto tí ó gbajúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, T. E. Lawrence, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ ní ọ̀nà ìgbèríko kan nítòsí ilé rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì orí kẹ̀kẹ́ yọ sí i lójijì, ó yà fún wọn, ó sì ṣubú. Orí rẹ̀ ni ó fi gbà á, ó sì kú ní ọjọ́ kẹfà. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kò gbàgbé ikú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ wò, ó sì kọ ohun tí ó rí jáde ní 1941, pé àwọn tí ó dé akoto kì í fi orí ṣèṣe tó àwọn tí kò dé e. Ní ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e fún wọn.

Ní ọ̀nà oko tiyín, àwọn ọmọ orí kẹ̀kẹ́ lè má sí. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà, kùkùté wà, yanrìn ẹ̀gbẹ́ odò wà, bẹ́ẹ̀ ni iṣu tí ẹ dì sí ẹ̀yìn ọ̀kadà ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ṣubú níbẹ̀, ta ni yóò rí yín kí ilẹ̀ tó ṣú? Ẹ dé e, bàbá.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN

Mo fẹ́ ra akoto fún ara mi àti ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún tí mo máa ń gbé síwájú ọlọ́kadà lórí táńkì. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó dára? Ẹnì kan fẹ́ ta tòkunbọ̀ fún mi ní owó pọ́ọ́kú. (Ìyá ọmọ, Mọ̀pà)

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ náà, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iwájú táńkì ni ibi tí ó burú jù tí ọmọdé lè jókòó sí. Bí ọ̀kadà bá dúró lójijì, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan irin ọwọ́ ọ̀kadà, ara ọlọ́kadà yóò sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lè rìn, tàbí kí ẹ wọ mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀yìn ni kí ó jókòó sí, láàárín ọlọ́kadà àti ẹ̀yin, kí ẹ sì wá akoto ọmọdé fún un. Akoto àgbàlagbà lórí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún yóò máa yí kiri, yóò bò ó lójú, kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí orí bá balẹ̀.

Ní ti ọjà rírà, ẹ má wo àwọ̀. Ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀ kọjá aṣọ tìmùtìmù tí ó wà ní òkè. Fóòmù líle funfun ni ó yẹ kí ẹ bá níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, kí ó sì nípọn. Òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ike òde ń tan agbára ìkọlù náà káàkiri, fóòmù ń rún mọ́ra, orí sì ń rọra dúró dípò kí ó dúró lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò ṣe ní fi ipá kọlu agbárí láti inú. Nítorí pé ó ti rún, kò lè rún lẹ́ẹ̀kejì. Akoto tí ó bá ti la ìjàǹbá kọjá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kódà bí òde rẹ̀ bá ń dán. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà yín nímọ̀ràn láti ra tòkunbọ̀. Ẹni tí ń tà á pàápàá kò mọ orí tí ó ti dé e rí tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orí náà.

Ẹ dé e wò kí ẹ tó sanwó. Kí ó fún orí mọ́ra díẹ̀ láìdùn yín, kí awọ iwájú orí yín sì máa bá a lọ bí ẹ bá ń fi ọwọ́ yí i. Ẹ de okùn rẹ̀ títí tí kò fi ní gbà ju ìka méjì lọ lábẹ́ àgbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ tẹ orí ba, kí ẹ sì gbìyànjú láti tì í kúrò láti ẹ̀yìn. Bí ó bá yọ, ẹ dá a padà fún oníṣòwò kí ẹ mú òmíràn. Èyí tí ó bo etí àti ẹ̀yìn orí sàn ju èyí tí ó mọ sí àtàrí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú ooru díẹ̀ sí i.